SM7B àti Scarlett 2i2: ṣé kí n pààrọ̀ preamp ni?

Akọrin Kabba: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Máìkì Shure SM7B ni mo fi ń gba ohùn orin sílẹ̀, mo so ó mọ́ Focusrite Scarlett 2i2 ìran kẹta, àpótí tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà. Mo yí gain (bọ́tìnì tó ń gbé ohùn máìkì sókè) dé òpin, ohùn ṣì kéré, ó sì ń dún "ṣùùù" lábẹ́. Preamp (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn máìkì lágbára) wo ni kí n rà?

Ìsánlú Sound: Ọ̀kun o. Máìkì yẹn ń fẹ́ gain tó 60 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga sí), ó kéré tán. 56 dB ni tiyín mọ. Ìran kẹrin 2i2 ní 69 dB. Bí ẹ kò bá fẹ́ pààrọ̀, Cloudlifter CL-1, àpótí kékeré tó ń wà láàárín máìkì àti 2i2, á fi bíi 25 dB kún un. Ẹ fi okùn XLR (okùn máìkì) kan so máìkì mọ́ ọn, ẹ fi òmíràn so Cloudlifter mọ́ 2i2, lẹ́yìn náà kí ẹ tan 48V, iná tí 2i2 ń fi ránṣẹ́ gba inú okùn náà. Láìsí 48V, kò ní ṣiṣẹ́.

Bàbá Ẹ̀rọ Mopa: Má tíì náwó. Ẹnu rẹ jìnnà tó báwo? Láti 30 cm sí 15 cm, o ti jèrè 6 dB lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá tún sún mọ́ ọn, báàsì á pọ̀. Bọ́tìnì tó ń gé e wà lẹ́yìn máìkì. Bó bá jẹ́ "hùùù" ló ń dún, iná ni: yọ cháájà laptop, fi bátìrì gbà.

Akọrin Kabba: Bíi 30 cm ni, Bàbá. "Ṣùùù" ló ń dún. Fáànù ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣá.

Bàbá Ẹ̀rọ Mopa: Háà! Pa fáànù ná. Preamp olówó ńlá á gbé ariwo yẹn sókè pẹ̀lú ohùn rẹ ni.