Fáńpáyà ni àbí amùjẹ̀? Èsì mi lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ìbéèrè arábìnrin wa tó ń túmọ̀ ìtàn ìfẹ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: obìnrin kan ló wà nínú ìtàn náà, oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kò gba iwin gbọ́, kò gba àlá gbọ́. Òun ló wá lọ kó sọ́wọ́ ọkùnrin arẹwà kan tó ti kú láti ayé baba ńlá ẹni, tó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣe oúnjẹ. Arábìnrin wa ń bi wá pé kí ni kí òun máa pe ọkùnrin yìí, kí sì ni kí òun máa pe obìnrin tí kò gbà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní àkúdàáyà. Àwọn kan ní àjẹ́. Ẹnìkan ní aláìkú. Àwọn tó pọ̀ jù ní amùjẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ní ká kúkú kọ ọ́ ní fáńpáyà, bí òyìnbó ṣe ń pè é ní vampire, ká sinmi, díẹ̀ ló sì kù kí ẹ lù ú.

Ẹ̀yìn ẹni tí ẹ fẹ́ lù yẹn ni mo wà, àmọ́ kì í ṣe títí dé òpin ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àjẹ́ kúrò nílẹ̀. Àjẹ́ kì í ṣe òkú. Alààyè ni, ará ilé ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ní ó mu, ojú kò rí i: kò sí ojú eyín lọ́rùn ẹnikẹ́ni, dókítà yóò yẹ aláìsàn wò títí, kò ní bá nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń sọ nínú ìtàn yìí, ó ní ara, ó ní eyín, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí òòrùn, wọ́n ní dígí kì í gbé àwòrán rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ènìyàn lè dán wò, obìnrin oníyàrá-àyẹ̀wò yẹn sì ń dán an wò lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ìtàn náà wà. Bí ó bá wá la ẹnu, tó pe àjẹ́, òǹkàwé Yorùbá ti gbà kó tó parí gbólóhùn. Mélòó nínú wa ló lè pe orúkọ yẹn lóru tí kò ní fi “ìyá wa” tún un ṣe?

Àkúdàáyà dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Òkú tó lọ sí ìlú òkèèrè, tó gba yàrá, tó ń ṣòwò, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, tí ìyàwó kò mọ ohunkóhun títí ọjọ́ tí ará ìlú rẹ̀ kan fi yọ lọ́jà, tí baba poora, tí a kò rí i mọ́: ìtàn ìfẹ́ ni èyí látòkè délẹ̀, lójú tèmi ó dùn ju ti òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n àkúdàáyà kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iyán ló ń jẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sá fún, kì í sá fún òòrùn. Tí a bá fún ọkùnrin yìí ní orúkọ yẹn, òǹkàwé yóò ti máa retí ará ìlú rẹ̀ láti ojú ìwé kìn-ín-ní, ará ìlú náà kò sì ní dé.

Aláìkú ńkọ́? Ẹ rántí pé ire ni àìkú lọ́dọ̀ wa. Òun ni à ń tọrọ lọ́wọ́ Ifá pẹ̀lú ire owó, ire aya, ire ọmọ. Ẹni tí ẹ pè ní aláìkú, ẹ ti súre fún un ni. Òyìnbó gbà pé ègún ni kí òkú máà lè kú tán. Tí arábìnrin wa bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yìí, kó fi pamọ́ dìgbà tí ọkùnrin náà bá ń tan obìnrin pé kó wá dà bí òun. Ẹnu ẹlẹ́tàn ló yẹ.

Ó wá ku amùjẹ̀. Kò sí àléébù lára ìṣẹ̀dá rẹ̀: amùjẹ̀ bí apẹja, bí adájọ́. Ẹni tó ní eṣúṣú àti yànmùyánmú náà ń mu ẹ̀jẹ̀ kò parọ́, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi fẹ́ ká fi òkú kún un, kó di òkú-amùjẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́mọge ná: “Òkú-amùjẹ̀ mi, olólùfẹ́ mi.” Ta ló fẹ́ fẹ́ òkú?

Bí ọ̀rọ̀ fáńpáyà ṣe dé ọ̀dọ̀ òyìnbó ló jẹ́ kí n dá sí i. Àwọn ará Serbia ló ni ín, vampir ni wọ́n ń pè é. Ní 1725, ní abúlé Kisiljevo tó wà lábẹ́ ìjọba Habsburg, ìdílé ọba Austria, nígbà náà, wọ́n ní òkú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Petar Blagojević ń pa àwọn ará abúlé. Ìwé ìròyìn Vienna gbé e jáde. Nígbà tó di 1732, dókítà ológun kan, Johann Flückinger, kọ ìròyìn lórí àwọn òkú tí wọ́n hú ní abúlé Medveđa, òmíràn nínú wọn kò jẹrà, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò sì dì. Ìròyìn yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn London lọ́dún kan náà. Òyìnbó kò túmọ̀ rẹ̀! Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn ará ibòmíràn ni wọ́n ń ròyìn, kì í ṣe tiwọn. Ní 1755, Gerard van Swieten, dókítà Ọbabìnrin Maria Theresa ti Austria, kọ̀wé pé bí òkú ṣe ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ, ọbabìnrin náà sì fòfin de híhú òkú àti sísun ún. Obìnrin inú ìtàn wa yìí, ọmọ ẹ̀yìn van Swieten ni. (Òkú abúlé wíwú, olójú pípọ́n, ni fáńpáyà nígbà yẹn o. Dókítà mìíràn, John Polidori, ló sọ ọ́ di ìjòyè afínjú nínú ìtàn tó jáde ní 1819. Láìsí ìyẹn, kò sí ìfẹ́ kankan láti túmọ̀.)

Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, nígbà tí obìnrin náà kò tíì gbà, ẹ jẹ́ kó máa pè é ní fáńpáyà. “Fáńpáyà kẹ̀! Ẹ ti wo fíìmù jù.” Ọ̀rọ̀ àjèjì lẹ́nu ẹni tó ń fi nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, ó bá a mu. “Amùjẹ̀ kẹ̀!” kò lè dún bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó sọ ọ́ ti sọ pé nǹkan kan ń mu ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tó bá wá fojú ara rẹ̀ rí i, kó pè é ní amùjẹ̀. Òǹkàwé yóò mọ̀ pé obìnrin yìí ti juwọ́ sílẹ̀, kò sì ní sídìí kí òǹkọ̀wé ṣàlàyé. Àbúrò tó ní “páyà” wà nínú fáńpáyà, pé àyà ń já ẹni tó bá gbọ́ ọ, o káre, àmọ́ èèṣì ni.

Ní ti obìnrin náà fúnra rẹ̀, mi ò fara mọ́ aláìgbàgbọ́ rárá. Lóde òní, ẹni tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò rò pé à ń bú. Oníyèméjì kò tọ́, ọkàn rẹ̀ kò pín sí méjì, ibi kan ló dúró sí. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ìyẹn la fi mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí nǹkan ni afojúbà, òun kò sì tíì rí i. Mo fi arídìígbà lélẹ̀: ẹni tó gbọ́dọ̀ rí ìdí kó tó gbà. Ẹ fi ẹnu tọ́ ọ wò.

Ohun tó ṣòro jù, ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà á. Kí ni ọkùnrin yẹn ṣe sí i lọ́rùn? “Ó gé e jẹ” jẹ́ ti ajá tàbí ti ọmọdé tó ń hu eyín. “Ó ṣán an” jẹ́ ti ejò. “Ó bù ú jẹ”, ẹran ti já nìyẹn. Mo gbìyànjú “ó tẹ eyín bọ̀ ọ́ lọ́rùn”, ó sì jọ pé ó gbà á, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìfẹ́ ló lè sọ bóyá obìnrin lè mí kanlẹ̀ lẹ́yìn irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.