Eré akẹ́kọ̀ọ́: iṣẹ́ wo la fún ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ?

Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ ló ń ba eré akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ju ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ wo ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjìlá: mẹ́rin ń sọ̀rọ̀, mẹ́jọ dúró gbagidi lẹ́yìn, wọ́n ń wá ojú ìyá wọn láàárín èrò. Kò ní pẹ́ tí òǹwòran náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n.

Ẹ sọ àwọn mẹ́jọ yẹn di elégbè. Kì í ṣe orin nìkan ni wọ́n máa gbè o. Àwọn ni ọjà, àwọn ni ẹnu ìlú, àwọn ni igbó pàápàá. Ká ní ọba fẹ́ lé ìjòyè kan kúrò nílùú. Ọba sọ gbólóhùn kan, ó dákẹ́. Elégbè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Ọba tún sọ̀rọ̀, wọ́n tún fà sẹ́yìn. Nígbà tó bá fi di gbólóhùn kẹta, ìjòyè náà nìkan ló kù láàárín ìtàgé, kò sì sí ẹni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òǹwòran pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Bí wọn kò bá lè mí papọ̀, ẹ má ka ení, èjì fún wọn. Ẹni tó wà níwájú pátá ni kó gbé èjìká sókè díẹ̀, kí àwọn tó kù máa wo èjìká yẹn.

—

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ara ni kí wọ́n kọ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó pín ìwé eré rárá, ẹ pín ìtàn náà sí àwòrán márùn-ún tí wọ́n máa fi ara wọn ṣe. Ìṣẹ́jú 2 ni kí wọ́n fi to ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí gbogbo wọn dúró bí ère fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹni tí ẹ bá fọwọ́ kan léjìká á sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń ṣe, gbólóhùn kan péré. Ẹ kọ àwọn gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Èyí tó dùn jù nínú wọn ni kó wọ inú eré. Kì í ṣòroó há sórí, torí ẹnu wọn ló ti jáde.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí wọ́n tò gbọọrọ bí ẹni tó wà lórí ìlà ní àárọ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan jókòó sílẹ̀, kí ẹnì kan kúnlẹ̀, kí òmíràn dúró, kí orí wọn má dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹni tó ń ṣe ọba lé àga kí àwọn tó kù bi í léèrè fún ìṣẹ́jú 5. “Kábíyèsí, kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ pè é sí ìkọ̀kọ̀?” Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní “kí ló dé tí o.” Ẹni tí wọn ò bá ti pọ́n lé kò lè jókòó bí ọba.

—

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká fi ti ìlù kún un. Ohùn ọmọdé kò lè borí dùndún láéláé. Àárín gbólóhùn méjì ni ìlù ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí onílù wà, níbi tó ti lè rí ojú òṣèré. Bó bá wà lẹ́yìn wọn, kò ní mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ lanu.

Bí ẹ bá ń ṣe orin tuntun, kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti rẹlẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́. Ìdààmú tí ohùn orin òyìnbó kó bá orin ìyìn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìjọ́un náà nìyẹn.

Ẹ má yọ ìjúbà sílẹ̀. Ọwọ́ alárìnjó, àwọn eléré ayé àtijọ́ tó ń ti ìlú dé ìlú, ló ti wá. Hubert Ogunde, aṣáájú eré orí ìtàgé Yorùbá, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, náà sì ń fi orin àti ijó ṣíde eré. Ṣùgbọ́n bí eré bá jẹ́ ìṣẹ́jú 20, kí ìjúbà má kọjá 3. Kí àwọn méjèèjìlá jáde, kí ohùn wọn là, kí onílù mọ bí òun ṣe gbọ́dọ̀ lù ú tó nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ní ègbè tó kẹ́yìn, kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọba sì máa lọ jókòó bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ. Bí gbogbo wọn bá wọlé tán kí ìran àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èrò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà.