Ipò oyè ọ̀mọ̀wé tó ní owó nínú lókè òkun: báwo lẹ ṣe rí tiyín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ṣe àṣìṣe kan náà. Mò ń kọ ímeèlì sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wá sikọ́láṣíìpù. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni, orúkọ nìkan ni mò ń pààrọ̀. Nínú bí 60 tí mo fi ránṣẹ́, ẹni méjì ló fèsì. Àwọn méjèèjì ní kò sówó nílẹ̀.

Ohun tó là mí lójú ni pé ní Swídìn, Nẹ́dálándì àti Jámánì, iṣẹ́ gidi ni ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á polówó rẹ̀ bí iṣẹ́ yòókù, ẹni tó bá rí i gbà á di òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Bí mo ṣe pa ímeèlì ẹ̀bẹ̀ tì nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni mò ń yẹ EURAXESS wò, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ ìwádìí ní Yúróòpù, àti AcademicTransfer, irú rẹ̀ ti Nẹ́dálándì. Ti Jámánì, ẹ fojú sí "TV-L E13" dáadáa, ìpele owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ni: bí wọ́n bá kọ 65% sí i, ìdá yẹn nínú owó oṣù kíkún ni wọn yóò san. Ẹ bèèrè kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ibi mẹ́jọ péré ni mo tún kọ̀wé sí, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Màá ka iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ìwádìí náà ti tẹ̀ jáde, màá wá so ó mọ́ ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi ṣe. Níbi tí mo ti wọlé, wọn ò bi mí ní máàkì rárá. Wọ́n ní kí ló bàjẹ́ nínú iṣẹ́ bátìrì tí mo ṣe ní máásítà. Mo sọ bí sẹ́ẹ̀lì 11 ṣe kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń ráyè wọ inú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn.

*

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi, ipò Marie Skłodowska-Curie ni mo wá, ètò tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń náwó fún àwọn olùwádìí. Wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí n tó ka òfin wọn délẹ̀: ẹni tí wọ́n máa gbà kò gbọdọ̀ ti gbé orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ náà wà ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbà á. Oṣù 14 ni mo ti lò níbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí kan náà ní ipò káàkiri orílẹ̀-èdè mìíràn, ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo ṣàlàyé fún ló júwe ti Dẹ́nmárkì fún mi. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí.

*

Amẹ́ríkà ni tèmi. Yunifásítì kan fún mi ní àyè àti owó, ó ní kí n fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nínú oṣù kẹta. Àyà mi já. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé ìpinnu kan wà lábẹ́ Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ oyè gíga, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí, pé wọn kò ní fi dandan gba èsì lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún lówó ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Orúkọ yunifásítì tó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Mo fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé padà, wọ́n sì fún mi láyè. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ni ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn dé pẹ̀lú owó ọdún márùn-ún. Òun ni mo mú.