Gìgísẹ̀ tó ń gbéra: ohun tí ojú wa rí nípa gọ́ọ̀fù àtijọ́ àti ti òde òní

Kádì Àtijọ́, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fi ní kí n gbé e wá síbí, kí ẹlòmíràn náà lè sọ tirẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní yunifásítì gbé fóònù wá bá mi. Ó ti to fídíò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bobby Jones, agbá-gọ́ọ̀fù ayé àtijọ́, ló wà lápá òsì, fídíò tí kò ní àwọ̀. Rory McIlroy, agbá-gọ́ọ̀fù òde òní, ló wà lápá ọ̀tún. Ó dá àwọn méjèèjì dúró níbi tí ọ̀pá ti dé òkè pátápátá, ó wá fi ìka kan ẹsẹ̀ Jones. "Bàbá, ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀ òsì, ó ti kúrò nílẹ̀. Gbogbo ìbàdí rẹ̀ ti yí tán. Àwọn èèyàn yìí ò mọ gọ́ọ̀fù gbá, oríire ni wọ́n fi ń gba ife-ẹ̀yẹ."

Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ tí kò di igi gọ́ọ̀fù mú rí láyé rẹ̀! Bí ẹni tó fi fóònù kọ́ omi wíwẹ̀ ló rí lójú mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin ni mí, ṣùgbọ́n Èkó ni mo dàgbà sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ránṣọ ní Ọbalẹ́ńdé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí kí n lọ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ aṣọ kò wọ̀ mí lórí rárá, abẹ́rẹ́ gún mi títí mo fi sá. Ìkòyí, níbi tí pápá gọ́ọ̀fù wà, ò jìnnà sí Ọbalẹ́ńdé, bí mo ṣe di kádì nìyẹn, tí mò ń ru àpò igi gọ́ọ̀fù fún àwọn ọlọ́lá. Ní 1978, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí.

Ibi tí ihò wà kì í ṣe koríko nígbà náà o. Iyanrìn ni, tí wọ́n po epo mọ́ kó lè dì. "Brown" là ń pè é. Bí ẹnì kan bá rìn kọjá lórí rẹ̀, àwa ọmọdé la máa tún un tẹ́ kó jọ̀lọ̀ kí ọ̀gá tó gbá bọ́ọ̀lù sí ihò. Epo yẹn kì í tètè kúrò lára. Bí mo bá délé lálẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kan ẹní àfi tí mo bá fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ha àtẹ́lẹsẹ̀ mi títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọdún yẹn gan-an ni Sandy Lyle gba ìdíje gọ́ọ̀fù Nigerian Open. Ọmọ ogún ọdún ni. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló ń borí. Nínú ihò 36 àkọ́kọ́, ìgbà 124 péré ló gbá bọ́ọ̀lù: 61 lọ́jọ́ kìn-ín-ní, 63 lọ́jọ́ kejì. Lórí iyanrìn elépo! Òun náà ló wá gba ìdíje ńlá méjì: Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 àti Masters ti Amẹ́ríkà ní 1988. Èmi kọ́ ni mo ru àpò rẹ̀ o, kí n má parọ́. Mo kàn tẹ̀ lé ọ̀gá kan tí mò ń rù fún lọ wò ó ni. Ìró rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Tí àwọn ọ̀gá wa bá gbá bọ́ọ̀lù, ó máa ń dún wóró bí ìgbà tí èèyàn fi ọmọrí lu ìkòkò. Tirẹ̀ dún "pó", ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán.

Igi ni orí igi gọ́ọ̀fù ńlá nígbà yẹn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Persimmon ni wọ́n ń pè é, igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ ìbátan igi dúdú tiwa. Orí rẹ̀ ò tó ìkúùkù mi. Tòde òní, irin tó ṣófo nínú ni, òfin sì gbà á láyè kó tóbi dé 460 cc, ó kù díẹ̀ kó gba ìdajì lítà omi. Bí o ò bá tilẹ̀ fi àárín rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, á ṣì lọ jìnnà. Tiwa, tí o bá ṣi ibi tó yẹ kó kàn báyìí, inú igbó la ti máa wá bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù alára náà yàtọ̀. Tí ti ọ̀gá bá ti gé, á jù ú sí wa, a máa fi abẹ là á. Okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n wé yíká yíká. Bí abẹ bá ti kàn án, okùn yẹn á máa já fúnra rẹ̀, á máa ta pátápátá kiri ilẹ̀ bí tata. A máa ń fi ṣe rọ́bà kànnàkànnà. Mo ti fi pa ẹyẹ ẹ̀gà rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ yìí. Mo ní kó wọ yàrá, kó fa àpò dúdú tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde. Igi méjì ló kù nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí òyìnbó arúgbó kan fún mi nígbà tó fẹ̀yìn tì tó ń lọ sílé: igi ni orí, igi ni ọ̀pá. Òwú dúdú tí wọ́n fi dì í lọ́rùn ti ń tú, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Hickory ni ọ̀pá rẹ̀. Irú ọ̀pá yìí ló wà lọ́wọ́ Jones ní 1930 tó fi gba ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún kan ṣoṣo, tó sì fi eré sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 28. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fàyè gba ọ̀pá irin láti 1924, àwọn aṣòfin gọ́ọ̀fù ní St Andrews nílẹ̀ Scotland ní 1929, àmọ́ tigi ló mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Lówùúrọ̀ Sátidé a gun zẹ́mì (ọ̀kadà) lọ sétí ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni mo ní láyé mi. Ọmọ dúró bíi McIlroy, ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ mọ́lẹ̀, ó yí èjìká, ó fi ìbàdí tako èjìká gẹ́gẹ́ bí fídíò ṣe kọ́ ọ, ó wá já a lulẹ̀ wàràwàrà. Ara ọmọ ti dé, orí igi ò tíì dé. Bọ́ọ̀lù yà sọ́tùn-ún, ó bọ́ sínú ọ̀sà, kò ju apá méjì lọ sí ọkọ̀ apẹja kan. Ègùn ni ọkùnrin náà fi bú wa, Ègùn ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ṣàlàyé fún un. Ọ̀pá hickory máa ń tẹ̀, ó sì máa ń lọ́ bí aṣọ tí à ń fún. Tí o bá kánjú, orí rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á gba ibi tó wù ú. Sùúrù ló fẹ́. O máa yí gbogbo ara, ìbàdí á tẹ̀ lé èjìká, gìgísẹ̀ á gbéra nítorí ìbàdí ló fà á. Nígbà tí gìgísẹ̀ bá padà tẹlẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀, ọwọ́ ló máa kẹ́yìn. Àìmọ̀ọ́gbá kọ́ ni Jones ń ṣe. Igi ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọ̀pá irin dé, kì í lọ́ tó bẹ́ẹ̀, bí èèyàn ṣe ń gbá a bá yí padà. Byron Nelson wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fòye mọ̀ ọ́n: ó fi iṣẹ́ sórí ẹsẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ sinmi. Ní 1945 ó gba ìdíje mọ́kànlá tẹ̀ léra wọn. Síbẹ̀, ọ̀pá irin ni Jack Nicklaus lò, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ń gbéra ketekete. Ìdíje ńlá 18 ló gbà, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ Masters 1986, ọmọ ọdún 46. Sam Snead tó ń gbé gìgísẹ̀ bákan náà gba ife-ẹ̀yẹ ní 1965 lẹ́ni ọdún 52. Tiger Woods tó bá Snead dọ́gba ní 2019 pẹ̀lú ife-ẹ̀yẹ 82 ní ìdíje àwọn Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti là á lẹ́ẹ̀mélòó kan, ní 2017 wọ́n so eegun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Mi ò sọ pé bó ṣe ń gbá a nìkan ló fà á o. Àmọ́ nígbà tí ìbàdí bá kọ̀ tí èjìká ń lọ, ẹ̀yìn ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ọmọ Tí Wọ́n Ń Sọ

Èmi ni o. Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ ò sọ pé ẹ̀yin náà gbá bọ́ọ̀lù kejì, pé kò ju ogójì mítà lọ, tí ẹ ní atẹ́gùn ni.

Ẹ sì jẹ́ ká fi òǹkà sọ̀rọ̀. Ní 1980, ẹni tó ń gbá a jìnnà jù ní ìdíje àwọn Amẹ́ríkà, Dan Pohl, yáàdì 274 ló ń gbá a, ìyẹn nǹkan bíi mítà 250. Ní 2020, Bryson DeChambeau gbá a dé 322, bíi mítà 294. Igi àti bọ́ọ̀lù ló ṣe gbogbo ìyẹn? Ọ̀gbẹ́ni yẹn jẹun, ó gbé irin, ara rẹ̀ wú. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ti òde òní ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbà pé Jones mọ̀ ọ́n gbá.

Àgbẹ̀ Kétu

Bàbá Kádì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò fojú rí pápá gọ́ọ̀fù rí, àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ́ ni mo mọ̀, ohun tí ẹ sọ yìí sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Bàbá mi ń kọ ebè láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, kì í sì í mí gúlegúle. Èrú ọkọ́ tiwọn, ẹ̀ka igi ni, èyí tó tẹ̀ láti orí igi wá. Èmi tí mo gbọ́n, mo ní kí wẹ́dà kan fi páìpù irin ṣe èrú fún mi, kó má baà dá mọ́. Kò dá lóòótọ́. Ọwọ́ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Bí ojú ọkọ́ bá kan òkúta, gbogbo rẹ̀ ló máa gba apá mi gòkè dé eyín. Nígbà tó yá, mi ò gbé e sókè bíi tiwọn mọ́, mò ń gé e kúkúrú kúkúrú, mò ń fi orúnkún ti iṣẹ́ náà. Bàbá dúró, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ilẹ̀ lò ń gún, ebè kọ́ lò ń kọ."

Ṣùgbọ́n mo kọ ebè o. Ó ṣe díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n páìpù yẹn náà ni mò ń lò di òní, iṣu mi sì ń ta. Tí ẹnì kan bá ya fídíò èmi àti bàbá mi, ẹ ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà là ń ṣe.

Tíṣà Ṣábẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ni ìtìjú. Tí a bá wọlé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ máa ń fi kúpù-kúpù (àdá) gé koríko tó ti bo ọgbà lékóòlù. Mo ti wo gọ́ọ̀fù lóru, mo wá ní kí n fi bó ṣe yẹ kí èèyàn fì í hàn wọ́n. Mo ní, "Ẹ wò mí, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀." Mo yí, mo gbọ́ "kẹ̀" nínú ẹ̀yìn mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, tí ìyàwó mi ń fi òrí pa mí, tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí mi.

Nísinsìnyí àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di eré. Wọ́n wá igi tó tẹ̀ lórí, ọsàn tútù tó jábọ́ ni bọ́ọ̀lù wọn. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń fi ọwọ́ òsì sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sókè, bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Òun ló ń gbá a jù wọ́n lọ. Bàbá Kádì, ṣé kí n tún un ṣe fún un?

Kádì Àtijọ́, Àjàṣẹ́

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí Ọlọ́run wo ẹ̀yìn yín sàn. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ yẹn rárá.

Ọkùnrin kan wà ní Gúúsù Áfíríkà, Papwa Sewgolum, ọmọ ìran Íńdíà, kádì bíi tèmi. Bí ọmọ yín ṣe ń di igi mú gan-an ló ń di í, ọwọ́ òsì nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ó gba Dutch Open ní 1959, ó tún gbà á ní 1960 àti 1964. Ní 1963 ó gba Natal Open nílẹ̀ wọn, ó na àwọn aláwọ̀ funfun. Òjò ń rọ̀. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ò jẹ́ kó wọlé, ìta nínú òjò ni wọ́n ti gbé ife-ẹ̀yẹ fún un nígbà tí àwọn yòókù wà nínú ilé. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn kádì àgbà ní Ìkòyí, mi ò lè jẹun alẹ́.

Jim Furyk ńkọ́? Bó ṣe ń gbé igi lọ sókè dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ní 2016 ó gbá ihò 18 tán ní ìgbà 58. Scottie Scheffler, ọ̀kan lára àwọn ti òde òní tí a ní ẹsẹ̀ wọn kì í mira, ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀: á yọ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó gba Masters lẹ́ẹ̀mejì.

Àgbẹ̀ Kétu, ọ̀rọ̀ páìpù irin yín yẹn, mo kà á fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti ìwọ ọmọ, atẹ́gùn ni lóòótọ́. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, béèrè lọ́wọ́ apẹja.

Ó tún gbé igi hickory yẹn lánàá, láì sí bọ́ọ̀lù, ó ń fì í lẹ́yìn ilé. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Lẹ́ẹ̀kẹ́fà tàbí lẹ́ẹ̀keje, mo rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ gbéra díẹ̀. Mi ò pè é.

Bọ́ọ̀lù kan ló kù wá. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ gba ẹnubodè Ìgòlò tàbí Sẹ̀mẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra bíi mẹ́fà tí wọ́n ti lò. Mo máa san án ní náírà tàbí ní sẹ́fà, èyí tó bá wù yín.