Ìdílé mẹ́sàn-án tó ń kọ́mọ nílé fẹ́ jọ gba ibì kan, báwo la ṣe máa ṣe é tá ò fi ní í jà?

IyaMerin:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ìdílé mẹ́sàn-án ni wá, gbogbo wa la ń kọ́ ọmọ wa nílé, ọmọ mọ́kànlélógún ni tá a bá kó wọn pọ̀, èyí tó kéré jù ò tíì pé ọdún méjì, àgbà wọn ti pé mẹ́rìndínlógún. Láti ọdún tó kọjá, pálọ̀ mi la ti ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mi ò ní í parọ́, ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé tìmùtìmù àga sókè, mo bá pẹ́ńsù mẹ́rin níbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan tí kì í ṣe tọmọ mi, àti nǹkan kan tó ti lẹ̀ mọ́ igi tí mi ò lè sọ ohun tó jẹ́.

A wá fẹ́ gba ibì kan tó máa jẹ́ ti gbogbo wa. A ti rí gbọ̀ngàn kan tó ní yàrá kékeré méjì lẹ́yìn. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé bàbá kan nínú wa lówó lọ́wọ́, ó ní òun á san tọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà kí àwa tó kù máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Inú àwọn kan ń dùn, ẹ̀rù ń ba èmi. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò sọ pé kì í ṣe èèyàn dáadáa, àmọ́ tó bá dọ̀la ṣé kì í ṣe ohun tó bá ní ká kọ́ àwọn ọmọ la ó máa kọ́ wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ta ló ni ibẹ̀, ta ló ń gbálẹ̀, tí ìdílé kan bá jáde ńkọ́?

Alagbala:
Ẹ kú iṣẹ́ màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa torí tiwa fọ́, ọdún kan àti oṣù mẹ́ta péré ló lò. Gbogbo èèyàn rò pé owó ló fọ́ ọ, irọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo la ní, ọwọ́ mi ló wà torí ilé mi ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èmi ni mò ń tì í, ẹni tó bá gbàgbé súwẹ́tà ọmọ ẹ̀ èmi ló ń pè lálẹ́, tí omi bá ń jò èmi ni, ọjọ́ tí ara mi ò bá yá kò sí ìpàdé. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀ ní "ọ̀dọ̀ mi". Àwọn tó kù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n ń kanlẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń sanwó ẹ̀!

Lọ́jọ́ kan ọmọ kan da ọ̀dà sílẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó ti ń ṣàn lọ sábẹ́ tábìlì, ìyá ẹ̀ wá wojú mi pé "ẹ jọ̀ọ́ ma, níbo lẹ ń kó aṣọ ìnulẹ̀ sí?" Oṣù mẹ́jọ ló ti ń wá síbẹ̀ o. Inú bí mi débi pé mi ò lè dáhùn. Ìgbà tí mo délé tí mo rò ó dáadáa ni mo rántí pé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí èmi fúnra mi máa ń tì pa ló wà.

Torí náà kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun, ẹ gé kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, kó wà nílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì máa yí kiri ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kẹ́ ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibi tí wọ́n ti ń ti omi pa, ibi tí fíúsì iná wà, ibi tí aṣọ ìnulẹ̀ wà. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ tẹ́ ẹ máa sọ ẹgbẹ́ lọ, àwa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí orúkọ.

onisiro_ile:
Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn nídìí, màmá. Ẹ má lé bàbá yẹn o, owó ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kó jẹ́ gbèsè, kó má jẹ́ oore. Ẹgbẹ́ ni kó yáwó lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ kọ iye ẹ̀ sílẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san án tán, kí èèyàn méjì tí kì í ṣe ará ilé ẹ̀ fọwọ́ sí i, orúkọ ẹgbẹ́ ni kó sì wà lórí ìwé ilé. Ohun tó ń jẹ́ kọpuréétífù nìyẹn, ìdílé kan ìbò kan, iye yòówù kéèyàn mú wá. Àwọn 28 tó dá ilé ìtajà sílẹ̀ ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì ń wò ṣe àwòkọ́ṣe, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wọlé, púpọ̀ nínú wọn ò rí i san lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá a, ìbò kan náà lẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní.

Ti ìdílé tó bá jáde, ìyẹn ló máa ń pa ẹgbẹ́. Ká ní 900 ni owó ibẹ̀ lóṣù, 100 ló kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Méjì kúrò, ó ti di 128 àti díẹ̀. Ìkẹta tó ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ wo 128 yẹn, òun náà lọ, ó di 150 fún ẹ̀yin mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tú, tẹ́nì kankan ò sì bá ẹnì kejì jà. Ibi tí ìdílé mẹ́fà lè dá san ni kẹ́ ẹ gbà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣì pé mẹ́sàn-án, ẹ máa tọ́jú tàwọn mẹ́ta tó lé títí á fi tó owó oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó sọ ní oṣù méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ràn ara yín.

MaGbile:
Èmi ò ní í gba ibì kankan jàre. Gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn, yàrá ilé ìkàwé, òfìfo ni gbogbo wọn ń wà láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ìgbà tí àwa ń wá ibi lò gan-an nìyẹn. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ilé ọjọ́ méje ṣe?

Alagbala:
@MaGbile òótọ́ ni, àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí tiwa fọ́. Àmọ́ ẹ gba kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́ wọn, ẹ má fi ṣeré. Ọmọ mi fi páálí àti gọ́ọ̀mù kọ́ afárá, ó ku díẹ̀ kó parí, aago kan lù, wọ́n ní ká kó ẹrù wa, ó gbé e mọ́ àyà lọ sílé, ó ti wó kí á tó dé ìta. Kò kọ́ ńlá mọ́ fún ìgbà pípẹ́, nǹkan tó lè wọ báàgì ló ń kọ́.

Akowe60:
Ẹ wo ohun tí òfin máa pè yín o. Ìlú kan ò jọ ìlú kan. Ní Jámánì ìjọba ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí òbí kọ́mọ nílé rárá. Ní England wọ́n gbà á, àmọ́ ibi tó bá ń kọ́ ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti tó ọjọ́ orí ilé ìwé, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba gbogbo ẹ̀kọ́ wọn tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ilé ìwé ni lójú òfin, dandan ni kó forúkọ sílẹ̀. Ọmọ mọ́kànlélógún lẹ̀yin ní! Torí náà ẹ má gba tíṣà kẹ́ ẹ wá máa já ọmọ sílẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Òbí tó bá mọ́mọ wá, kó jókòó. Ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ onílé, tiẹ̀ kì í sábà bo ọmọ yín. Kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má sì wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ nínú yàrá tí wọ́n tì, ẹni yòówù kó jẹ́, àní ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán jù.

ìyá_ọ̀dọ́:
Gbogbo yín ò tíì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ o. Mo lọ́mọ ọdún márùndínlógún. Ìgbà tá a kọ́kọ́ ṣe tiwa, àga tá a rà, gbogbo ẹ̀ ò kọjá orúnkún ẹ̀, àwòrán ẹranko kún ara ògiri, ó jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò lọ mọ́. Àwọn àgbà ọmọ ló kọ́kọ́ ń lọ, àwọn àbúrò wọn á sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan nínú yàrá kékeré méjèèjì yẹn, kí wọ́n kùn ún bó ṣe wù wọ́n. Tiwa kùn ún ní dúdú. Dúdú o. Mo gbẹ́nu mi dákẹ́.

IyaMerin:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn ní mítíìnì lánàá. Ẹ wá wo nǹkan, bí mo ṣe dé ibi "kó jẹ́ gbèsè, kó má jẹ́ oore", bàbá yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tóun náà ń bẹ̀rù nìyẹn, pé gbogbo ìgbà tí iná bá bàjẹ́ òun la ó máa wò. Ó ti fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe ọdún kan mọ́, oṣù mẹ́ta ni, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, onígbọ̀ngàn gbà, ó fún wa ní kọ́bọ́ọ̀dù kan, ìdílé mẹ́fà sì lè dá san án. Mo tún béèrè ti ìnṣọ́ránsì, tiẹ̀ ò bo ọmọ wa lóòótọ́, à ń wá tiwa.

Ìyá kan ti ṣe ìwé ìgbálẹ̀, ó kọ orúkọ ọkọ ẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láìsọ fún un. Ohun tá ò tíì yanjú ni bóyá àwọn ọmọ tó ti lé lọ́dún méjìlá á ní ìbò, mẹ́ta nínú wa ò gbà, à ń bá a lọ ní Sátidé.

Alagbala:
Aṣọ ìnulẹ̀ ńkọ́?

IyaMerin:
Ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ma, kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù.