Orí ọkọ̀ ojú irin HO àlòkù ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: kí ni kí n béèrè kí n tó fowó lé e?
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa reluwé kékeré. Orí ọkọ̀ HO kan (ìwọ̀n 1:87 sí ti gidi, ojú irin tó fẹ̀ ní 16.5 mm) wà ní gbàǹjo, ó ku ọjọ́ méjì. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ pé òun ò tíì dán an wò. Ìyẹn ń kọ mí lóminú, torí bátìrì 9 volt lásán tó láti fi wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì DC (èyí tó ń lo irú iná tó wà nínú bátìrì) ṣì ń yí.

Kò sí fọ́tò abẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ wò ó bóyá irin pẹlẹbẹ tí orí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Märklin fi ń gba iná láàárín ojú irin wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á so iná méjèèjì pọ̀ lórí ojú irin onírin méjì tí mo ní. Rọ́bà ẹsẹ̀ tó gbó ò ṣòro, ó ṣeé pààrọ̀. Jíà oníke tó sán ńkọ́? Ó máa ń ró kọ́, kọ́, kọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń yí. Ṣé fídíò ìṣẹ́jú àáyá 30 tó láti gbọ́ ọ? Férémù síńkì tó ń wú, tó ń sán, ló bà mí lẹ́rù jù, kò látùn-únṣe. Ibo gan-an ni kí n ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò rẹ̀ fún mi?

Àti pé, ṣé kí n fi iye tó ga jù tí mo lè san sílẹ̀ báyìí ni, àbí kó di ìṣẹ́jú àáyá ìkẹyìn?