A fẹ̀yìn tì sí ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn ọmọ wà níbòmíràn: báwo lẹ ṣe ń ṣe àbẹ̀wò tiyín?

Bàbá Arìnnàkore

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá sí i.

Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, ilẹ̀ olóoru kan la kó lọ, torí eegun ìyàwó mi ò gba òtútù mọ́, owó ìfẹ̀yìntì wa sì ń gbé wa níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti ní iṣẹ́ àti ilé tiwọn. Àkọ́bí wà ní Kánádà, èkejì wà ní Ìlú Ọba, àbíkẹ́yìn wà ní Jámánì. Èyí tó bá wù wá ká rí nínú wọn, ọkọ̀ òfuurufú ni. Kò sí ti pé ká yà kí wọn lọ́sàn-án Sátidé.

Ìyàwó mi ní bí ẹsẹ̀ òun bá ti kan ilé ọmọ, oṣù mẹ́ta ló kéré jù. Ó ní ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì tó tó báyẹn la fẹ́ lọ fi sùn oorun ọ̀sẹ̀ méjì? Èmi ní ọ̀sẹ̀ méjì tó, bó bá pọ̀ jù kó jẹ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé n ò fẹ́ràn wọn. Ohun tí ojú mi rí nílé ọmọ mi ọkùnrin ni mo ń sọ. Bó bá ti di aago méje àárọ̀, ẹ óò gbọ́ ilẹ̀kùn, gbàà: ọkọ ti lọ. Kò pẹ́, gbàà: ìyàwó àtọmọ ti lọ. Ó wá ku àwa méjì àti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lára ògiri tó ń darí ooru ilé, èyí tí wọ́n ti fi ọgbọ́n sọ fún wa pé ká má fọwọ́ kàn. A ó gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀, a ó jókòó. (Ìyàwó mi ti fọwọ́ kàn án o. Ẹ má sọ fún wọn.)

Nírọ̀lẹ́ wọ́n á dé, àárẹ̀ á ti hàn lójú wọn, wọ́n á sì tún máa fipá rẹ́rìn-ín fún wa. Lára fìríìjì wọn ni mo ti rí kàlẹ́ńdà kan. Wọ́n kọ "Dádì àti Mọ́mì" sí ọjọ́ tí a dé, wọ́n wá fi gègé pupa fa ìlà láti ibẹ̀ títí dé ọjọ́ tí a ó lọ. Ìlà yẹn gùn. Mo dúró wò ó. Ìyàwó mi ní ìlà lásán ni, pé àròjù ló ń dà mí láàmú.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, báwo lẹ ṣe ń pín in? Ṣé ilé ọmọ lẹ máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ta ló tilẹ̀ yẹ kó máa rìn: àwa tí a ní àsìkò tí orúnkún ti ń dùn, àbí àwọn tó lágbára tí wọn ò ní àsìkò?

Ìyá Ìbejì

Bàbá, ti màmá ni mo gbè, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ méjì yín yẹn, ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Bí aago ibẹ̀ bá fi wákàtí mẹ́fà yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ yín, ẹ ka bí ọjọ́ kan sí wákàtí kan kí ara tó bá a mu, tó bá sì jẹ́ ìhà ìlà oòrùn lẹ forí lé, ó máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó máa sùn lọ́sàn-án nígbà tí ilé dákẹ́, ẹ ó lajú sílẹ̀ láago méjì òru nígbà tí gbogbo wọn ń sùn. Kí oorun tó bọ̀ sípò, ẹ ti ń di ẹrù.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lèmi máa ń lò. Mi ò sì kí ń sùn sílé ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo máa ń gba yàrá kan ládùúgbò wọn, ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé wọn. Bí ó bá rẹ̀ mí, mo ní kọ́kọ́rọ́ tèmi, mo ní ilẹ̀kùn tí mo lè tì. Bí ọkọ àti ìyàwó bá fẹ́ bínú síra wọn, wọ́n á ráyè bínú. Ẹ ò mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Tọkọtaya tí ò lè jà fún oṣù mẹ́ta torí pé ìyá wà nílé, ọjọ́ tí ìyá bá lọ ni wọ́n á ja gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Ẹ má sì lọ lásìkò ọdún tàbí lásìkò tí ilé ìwé bá gba ọlidé. Tíkẹ́ẹ̀tì á gbówó lórí, gbogbo èèyàn á sì máa ṣe bí àlejò. Ẹ lọ lásìkò tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo máa ń mú ọmọ-ọmọ mi lọ sílé ìwé. Bí a bá dé ẹnu géètì, á já ọwọ́ rẹ̀ gbà, á sá lọ láìwẹ̀yìn. Inú mi máa ń dùn sí àìwẹ̀yìn yẹn ju ìdìmọ́ra pápákọ̀ òfuurufú lọ, torí ó fi hàn pé ó ti mọ̀ pé màá wà níbẹ̀ tí wọ́n bá jáde.

Akọ̀wé Páálí

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìfẹ́ sílẹ̀ ná, òfin ò mọ̀ pé ìyá ni yín.

Jámánì: bó bá jẹ́ físà àbẹ̀wò kúkúrú lẹ fi wọlé, 90 ọjọ́ lẹ ní láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí, kì í ṣe ní Jámánì nìkan, ní gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó fòpin sí àyẹ̀wò ẹnubodè láàárín ara wọn, 29 ni wọ́n báyìí. Ọjọ́ tí ẹ dé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ lọ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yà sí Faransé, kò bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Nítorí náà "oṣù mẹ́ta" tí màmá ń sọ yẹn, kí wọ́n fi kàlẹ́ńdà kà á, torí oṣù mẹ́ta mìíràn ju 90 ọjọ́ lọ.

Ìlú Ọba: fún àlejò, oṣù mẹ́fà ni òpin lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ físà ọlọ́dún púpọ̀ lẹ gbà. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi àlọ-bọ̀ sọ ọ́ di ibùgbé.

Kánádà ló fẹ́ràn òbí jù nínú wọn. Bí ọmọ bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí ayé, físà kan wà fún òbí àti òbí àgbà, super visa ni wọ́n ń pè é, ó lè jẹ́ kí ẹ dúró tó ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó, ẹ ó ṣe àyẹ̀wò ara, ẹ ó sì ra ìnṣọ́ránsì ìlera ọdún kan ó kéré tán, tó lè san owó ìtọ́jú tó 100,000 dọ́là Kánádà. Kò sí físà àbẹ̀wò tó fún yín láṣẹ iṣẹ́, ì báà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ọmọ yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni ẹ̀yìn wọn. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ̀yìn tì sí náà ní òfin. Bí ẹ bá pẹ́ jù níta, ìwé ìgbélùú yín lè bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ẹ bá lo 183 ọjọ́ níbẹ̀ lọ́dún, wọ́n lè kà yín mọ́ àwọn tó yẹ kó san owó orí. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ọ̀sì Àná

Kúkúrú ni tèmi. Ìjókòó tó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀ òfuurufú lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ewu náà sì ń pọ̀ sí i fún àgbàlagbà. Ẹ dìde, ẹ rìn láàárín àga, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ bi dókítà nípa ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀. Oògùn yín, inú báàgì ọwọ́ ni, nínú páálí tó bá wá, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ínsúlínì ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó lè dì síbẹ̀. Bí orúnkún bá ń dùn, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ ìjókòó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní wákàtí 48 ṣáájú, ó kéré tán. Kì í ṣe ìtìjú. Ẹ sì má purọ́ àìsàn fún oníìnṣọ́ránsì, torí ọjọ́ tí ẹ bá nílò wọn ni wọ́n á kọ̀ láti sanwó.

Ọmọ Ìkẹyìn

Ẹ má bínú pé ọmọdé ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Dádì, èmi náà ní irú kàlẹ́ńdà yẹn. Ìlà pupa tèmi, ọjọ́ tí mo máa gba ààyè níbi iṣẹ́ ni mo fi ń wá, kí n lè mọ èyí tí mo lè bá àwọn òbí mi jókòó. Ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó bínú sí ìlà.

Ohun tó ń rẹ̀ wá gan-an kì í ṣe gígùn. Kí òbí dé láìsí ọjọ́ ìpadàbọ̀ ni. Èkejì, ìyá mi máa ń tún gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù mi tò. Oṣù kejì lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo tó rí ìdérí ìkòkò. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ti wọ bàtà jókòó sí pálọ̀ láti aago mẹ́rin, máa retí mi. Mo fẹ́ wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tiwọn.

Ní ti ta ló máa rìn: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ń jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ń ra ìjókòó tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni ti ẹ̀yin, mẹ́rin ni ti àwa. Ẹ máa bọ̀ nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ ṣì gbé yín. Bó bá yá, àwa la óò máa wá.

Bàbá Arìnnàkore

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìyàwó mi ti dúró lẹ́yìn àga mi ka gbogbo rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kọ́ ló ń tún kọ́bọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni tò. Mo pe ọmọ mi nípa ìlà yẹn. Ó ní ọjọ́ tí òun máa gbé wa lọ sí etí odò ni òun ń wá. Mo gbà á.

A ti fẹnu kò sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ní oṣù tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Ìyá Ìbejì, ìbéèrè kan ló kù: báwo lẹ ṣe sọ fún ọmọ yín pé ẹ ò ní sùn sílé òun, tí kò fi rí i bí ìbínú?

Ìyá Ìbejì

Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá. Mo sanwó yàrá tán kí n tó pè é. Ó bínú dé ọjọ́ kejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló bá mi wá yàrá, ó sì rí èyí tó ní bàlíkónì.